Orin tí wọ́n fi ń dán sípíkà wò

Ní òpópónà Ọ̀tigbá, ní Computer Village n'Íkẹjà, kò sí ṣọ́ọ̀bù tí kò gbé sípíkà síta. Kékeré kan ni mo fẹ́ rà. Ọmọkùnrin tó ń tà á kò bi mí léèrè orin tí mo fẹ́. Ó tẹ fóònù rẹ̀, "Jà Fún Mi" sì bọ́ síta.

"Ọ̀gá mi, sípíkà tó bá gbé èyí, kò sí orin tí kò ní gbé."

Òun ni orin àkọ́kọ́ nínú Juju Music, àwo tí Island Records gbé jáde lọ́dún 1982, ọdún kan lẹ́yìn ikú Bob Marley, ìràwọ̀ ilé iṣẹ́ náà. Lómé ní Tógò ni King Sunny Adé àti ẹgbẹ́ rẹ̀, African Beats, ti gbà á sílẹ̀, pẹ̀lú Martin Meissonnier, ará Faransé tó darí ìgbàsílẹ̀ náà. Nílé, orin Sunny lè gba odindi ojú àwo kan, kí ọ̀kan máa wọnú òmíràn bíi lóde àríyá. "Jà Fún Mi" ti Lómé yìí kò ju bí ìṣẹ́jú méje lọ. Àwo náà ló sì ṣínà Amẹ́ríkà fún un lọ́dún 1983.

Ẹ gbọ́ àwọn jìtá. Ọ̀kan sọ gbólóhùn kúkúrú, ó dákẹ́. Ibi tó ti mí ni èkejì ti wọlé. Wọ́n pọ̀, síbẹ̀ ẹnìkan kò tẹ ẹnìkan mọ́lẹ̀. Jìtá tí Demọ́lá Adépọ̀jù ń fi irin fà wá léfòó sókè bí epo lójú ọbẹ̀. Orí ara rẹ̀ ni Sunny ń bẹ̀ nínú orin náà pé kó jà fóun, ṣùgbọ́n kò pariwo: ohùn pẹ̀lẹ́ ni, bí ẹni ń bá àgbà sọ̀rọ̀ láàárọ̀.

Mo ní kí ọmọkùnrin náà tan sípíkà mìíràn tó dínwó. Jìtá ṣì ń dún, ohùn Sunny ṣì já gaara. Gángan ló kú. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀ ni gángan fi ń sọ̀rọ̀ bíi tiwa. Sípíkà yìí kò ní ìsàlẹ̀, ìlù tó ń pe ènìyàn lórúkọ wá di pákó tí wọ́n ń gbá.

Ọmọkùnrin náà ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò lè nájà mọ́. Mo ní kó di ti àkọ́kọ́ fún mi.