Akọni Láàrin Àwọn Mẹ̀kúnnù: Àyẹ̀wò Láwúwo àti Mọrẹ́nikẹ́ nínú Rẹ́rẹ́ Rún

Ìfáàrà

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá léèrè pé ta ni akọni, kì í pẹ́ kí ó tó dárúkọ ọdẹ, jagunjagun tàbí ọba. Kò jẹ̀bi. Láti ìgbà tí D. O. Fágúnwà ti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938 ni ojú wa ti mọ́ ẹni tí ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí ó bá iwin wọ̀jà, tí ó sì padà wálé wá ròyìn. Àwọn òǹkọ̀wé eré onítàn náà kò jìnnà sí ọ̀nà yìí. Ṣàǹgó ni Dúró Ládipọ̀ fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú Ọba Kò So (1963), Gáà sì ni Adébáyọ̀ Fálétí fi ṣe tirẹ̀ nínú Baṣọ̀run Gáà (1972). Ẹni tí kò joyè, tí kò ní ìbọn, tí kò sì ní oògùn, níbo ni a fẹ́ fi í sí?

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti fi Rẹ́rẹ́ Rún, eré onítàn tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé jáde ní 1973, dáhùn ìbéèrè náà. Èrò wa ni pé eré yìí gbé mẹ̀kúnnù dé ipò akọni, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọba ni ó ṣì fi wọ̀n ọ́n. Òṣùwọ̀n náà ni kò jẹ́ kí a rí akọni kejì tí ó wà nínú ìwé náà, èyí tí í ṣe Mọrẹ́nikẹ́, ìyàwó Láwúwo.

Òṣùwọ̀n tí à ń lò

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni a ti ń fi ipò mọ akọni. Aristotle, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, ti là á kalẹ̀ láyé àtijọ́ pé ẹni ńlá tí òkìkí rẹ̀ kàn ni ó yẹ kí ìtàn àjálù dá lé lórí. Ní 1949 ni Arthur Miller, òǹkọ̀wé eré onítàn ará Amẹ́ríkà, tako èyí, tí ó ní ẹ̀mí mẹ̀kúnnù náà tó ohun tí a lè fi kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tiwa pẹ̀lú ti ń rìn lọ síbẹ̀ kí Rẹ́rẹ́ Rún tó jáde. Nínú Ọmọ Olókùn Ẹṣin (1969), Fálétí sọ ìtàn àwọn tí wọ́n kọ ìjẹgàba Olúmokò. Nínú Efúnṣetán Aníwúrà (1970), Akínwùmí Ìṣọ̀lá jẹ́ kí Ìtáwuyì, ẹni tí í ṣe ẹrú, dìde sí ìyálóde tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù.

Kò yẹ kí a gbójú fo ọdún tí àwọn ìwé wọ̀nyí jáde. Ní 1968 àti 1969 ni àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ṣe ìjà Agbẹ̀kọ̀yà nítorí owó orí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìgbìmọ̀ tí Olóyè Símẹ́ónì Adébọ̀ ṣe alága rẹ̀ jókòó lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn òǹkọ̀wé wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá akọni láàrin mẹ̀kúnnù kiri nígbà náà. Ìta ilé wọn ni wọ́n ti rí i.

Láwúwo

Láwúwo ni olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nínú eré náà. Kò béèrè ju pé kí a san owó tí ó tó jẹun fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́. Àwọn aláṣẹ rí i pé kò ṣe é fi owó rà, wọ́n sì wá ọ̀nà mìíràn gbà mú un. Owó ẹgbẹ́ tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn gbájúẹ̀ láti ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó náà gbẹ̀mí ara rẹ̀. Orí Láwúwo sì dàrú.

Ẹnì kan lè wí pé ẹni tí a ṣẹ́gun, tí ó tún ya wèrè, kò lè jẹ́ akọni. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, ṣùgbọ́n oríkì kò gbè é lẹ́yìn. Nínú ìwé tí Karin Barber gbé jáde ní 1991 lórí oríkì ní Òkukù, ó fi hàn pé kì í ṣe ìṣẹ́gun nìkan ni oríkì ń tọ́jú. Àdánù, àléébù ara àti ọ̀rọ̀ tí kò dùn ún gbọ́ pẹ̀lú wà nínú rẹ̀. Ní Ìwó tí a ti tọ́ mi dàgbà, bí ọmọdé bá kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà láàárọ̀, oríkì ni ìyá náà yóò fi dá a lóhùn. Ọmọ náà kò tíì ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ pé ní òru àná gan-an ni ó tọ̀ sórí ẹní. Síbẹ̀ a kì í. Ìyìn ni ó ṣáájú, iṣẹ́ ni yóò tẹ̀lé e. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àwa lámèyítọ́ ni a mú ìṣẹ́gun wá ṣe òṣùwọ̀n akọni, kì í ṣe àwọn ìyá wa.

Mọrẹ́nikẹ́

Ojú okùnfà àjálù ni a sábà fi ń wo Mọrẹ́nikẹ́: bí kò bá sí i, a ní Láwúwo ì bá má ṣubú. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya sí ọjà Odò-Orí ní Ìwó kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Ní ọjà yìí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ọjà wa, alájọ a máa lọ láti orí àtẹ dé orí àtẹ. Ẹni tí ń ta ata tàbí ẹlùbọ́ yóò ka iye tí ó ń dá lójúmọ́ fún un, alájọ yóò sì sàmì sí káàdì rẹ̀. Nígbà tí oṣù bá parí, yóò kó owó náà fún olówó, yóò sì yọ ti ọjọ́ kan péré gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀. Kò sí lọ́yà nínú àdéhùn náà. Ohun tí ó dè é kò ju pé alájọ yóò tún gba iwájú àtẹ yẹn kọjá lọ́la. Alájọ tí olè jà, tí ó wá ta ẹrù ilé rẹ̀ kí owó àwọn alátẹ má baà dín, kò sí onírárà tí yóò tẹ̀lé e lẹ́yìn; ṣùgbọ́n gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n ní akọni.

Irú ẹrù yìí gan-an ni ó wọ Mọrẹ́nikẹ́ lọ́rùn. Kì í ṣe owó ọkọ rẹ̀ ni ó sọnù bí kò ṣe òógùn àwọn ẹlòmíràn. Ó ṣìnà, a gbà bẹ́ẹ̀. A kò sì gbóríyìn fún ikú tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, nítorí kò dá kọ́bọ̀ kan padà fún òṣìṣẹ́ kankan. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí ó pa á kò lè pa ẹni tí kò ka owó ọmọlàkejì sí. Àwọn aláṣẹ inú eré náà mọ ìtìjú bẹ́ẹ̀ bí? Bí a bá fi òṣùwọ̀n ọjà Odò-Orí wọ̀n wọ́n, ta ni ó wúwo jù?

Àléébù eré náà

Níhìn-ín ni a ti rí ibi tí Òkédìjí kò bá wa dé. Ó mú òṣìṣẹ́ kan láàrin ọ̀pọ̀, ó gbé e sókè, ó sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí èrò ẹ̀yìn. Nígbà tí Láwúwo ṣubú, ìjà náà ṣubú pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìlú ti ń ṣe nígbà tí ọba wàjà ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe.

A lè dáhùn pé ìkìlọ̀ gan-an ni òǹkọ̀wé fi èyí ṣe. Ó ṣeé ṣe, nítorí àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Ṣùgbọ́n kí ìkìlọ̀ tó múlẹ̀, ó yẹ kí a rí igi yòókù. Ìtàn Agbẹ̀kọ̀yà fi èyí hàn. Tàfá Adéoyè ni orúkọ tí ó kù lẹ́nu ènìyàn. Kì í ṣe òun nìkan ni ó ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní Ìbàdàn ní oṣù kẹsàn-án 1969 láti tú àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í ṣe òun nìkan ni ó jẹ́ kí ìjọba dín owó orí kù. Àwọn tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, àwọn tí wọ́n fi ẹni tí à ń lé pamọ́ sí abà wọn, kò sí eré onítàn tí ó pè wọ́n ní orúkọ.

Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé wíwá akọni láàrin mẹ̀kúnnù kò parí sí kí a bọ́ adé kúrò lórí ọba kí a fi dé òṣìṣẹ́ kan. Òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí a pààrọ̀. Láwúwo jẹ́ akọni nítorí ohun tí ó kọ̀ láti tà, Mọrẹ́nikẹ́ sì jẹ́ akọni nítorí ohun tí kò lè fojú di.

Ọ̀rọ̀ yìí kan iṣẹ́ àwa náà. Ìwé Àwọn Oríkì Bọ̀rọ̀kìnní tí Adébóyè Babalọlá gbé jáde ní 1975 ṣe wá láǹfààní púpọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ti sọ irú ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Oríkì aláta, ti alájọ àti ti ìyá àgbà tí ń kí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ wà lẹ́nu àwọn tí ọjọ́ ń lọ lórí wọn. Bí a bá dúró di ìgbà tí wọ́n bá di olókìkí kí a tó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ, àwa náà yóò bá ilẹ̀kùn ní títì.