Kí Ìbéèrè Ṣáájú Orúkọ: Sophie Olúwọlé àti Kíkọ́ni ní Fílọ́sọ́fì ní Àkókó

Akẹgbẹ́ mi kan kọ ọ́ pé ọ̀dọ̀ Thales ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fílọ́sọ́fì ti bẹ̀rẹ̀, kí a mú un dé ọ̀dọ̀ Kant, kí a tó wá fi Ọ̀rúnmìlà há ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn bí àyè bá ṣẹ́ kù. N kò gbà. Orúkọ ni irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń kó fún ọmọ. Ìbéèrè kò tíì wọ kíláàsì. Sophie Bọ́sẹ̀dé Olúwọlé, onímọ̀ fílọ́sọ́fì, ọmọ Ìgbàrà-Òkè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, ti la ọ̀nà tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, a sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Nínú ìwé rẹ̀ lórí Socrates àti Ọ̀rúnmìlà, ó fi hàn pé Socrates kò kọ ìwé kankan sílẹ̀. Ẹnu Plato àti Xenophon la ti gbọ́ ọ, bí a ṣe ń gbọ́ Ọ̀rúnmìlà lẹ́nu babaláwo. Ẹni tó bá sọ pé Ifá kì í ṣe fílọ́sọ́fì torí pé ẹnu ni wọ́n fi ń kì í, kó kọ́kọ́ lé Socrates jáde ní kíláàsì rẹ̀.

Ẹ wo ìtàn Afùwàpẹ́ nínú Ifá. Òun, ọmọ Ògún àti ọmọ Ìja jọ ń lọ yan orí, ìyẹn àyànmọ́ wọn, nílé Àjàlá alámọ̀ kí wọ́n tó wá sáyé. Àwọn méjì yòókù kò bá Àjàlá nílé, wọ́n mú èyí tó wù wọ́n, òjò sì bà á jẹ́ lójú ọ̀nà. Afùwàpẹ́ ti yà sọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó sì mú owó dání. Ó bá olówó tó wá sin gbèsè nílé Àjàlá, Àjàlá sì ti sá sókè àjà. Ó san gbèsè náà; Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó bá a yan orí tó le.

Àwọn kan á ka èyí tán, wọ́n á yin àṣà wa, wọ́n á pa ìwé dé. Ìyìn kọ́ là ń wá. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì yẹn yàn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ orí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára: ṣé a lè dá wọn lẹ́bi? Afùwàpẹ́ náà kò tíì lórí nígbà tó hùwà ọlọ́gbọ́n: níbo ló ti rí ọgbọ́n ọ̀hún? Ṣẹ́gun Gbádégẹṣin, onímọ̀ fílọ́sọ́fì, tọpa irú ìbéèrè báyìí nínú ìwé rẹ̀ ní 1991.

Ní Àkókó, ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìtàn. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù kan já níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, ọkọ̀ náà sì gba ẹ̀mí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Ọ̀kà tàbí Ìkàrẹ́ wá mọ àgbà tó máa ń sọ pé àyànmọ́ ni; ó sì mọ ẹni tó máa ń bèèrè ta ló yẹ kó yẹ bíréèkì wò. Bó bá jẹ́ àyànmọ́ ni gbogbo rẹ̀, ta la ó bi léèrè? Bí ẹni tí a lè bi bá wà, ibo ni àyànmọ́ parí sí?

Nítorí náà, n kò bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sí i fún Ifá. Ohun tí mo ń fẹ́ ni kí ọmọ bá Ifá jiyàn láti ọjọ́ kìíní. Bó bá wá dé ọ̀dọ̀ àwọn Stoic ilẹ̀ Gíríìkì, tí àwọn náà jiyàn lórí kádàrá, yóò ti ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti bá wọn rò.