Àjàò Kò Ṣe Eku, Kò Ṣe Ẹyẹ: Lámèyítọ́ lórí Orúkọ Ìsọ̀rí Ẹranko nínú Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì

Ìfáàrà

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àwọn orúkọ tí àwa olùkọ́ ń lò nígbà tí a bá ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé bí a ṣe pín àwọn ẹranko sí ìsọ̀rí. Fífi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ohun àjèjì mọ́. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀, ti fi hàn pé ó ṣe é ṣe. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, ǹjẹ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò ń la ọmọ lójú, àbí ńṣe ni wọ́n ń ṣì í lọ́nà?

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni ó fa ìbéèrè yìí. A lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́ ìfidánrawò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. Ó bi àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún léèrè pé inú ìsọ̀rí wo ni àdán wà. Ọmọdébìnrin kan dáhùn pé kì í ṣe ẹyẹ, nítorí pé ó ní eyín. Olùkọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá ń fò tí kì í ṣe kòkòrò, ẹyẹ ni. Ọmọ náà jókòó. A kò lè dá akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ náà lẹ́bi tán, nítorí ohun tí àwa fi kọ́ ọ ni òun náà fi ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jókòó yẹn ni ó tọ̀nà.

Ohun tí Ìtàn Àjàò ń sọ

Kò sí àní-àní pé ọmọ náà ti gbọ́ ìtàn àjàò, ẹ̀dá tí ó jọ àdán. Nígbà tí àjàò kú, wọ́n ní kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá sin ín. Eku ní tiwọn kì í ní apá tí a fi ń fò. Ẹyẹ ní tiwọn kì í ní eyín lẹ́nu. Báyìí ni òkú ṣe wà nílẹ̀. A máa ń fi ìtàn yìí bá ẹni tí kò ní ibì kan pàtó wí, a kì í sì í wo ọgbọ́n mìíràn tí ó wà nínú rẹ̀. Ara òkú ni eku àti ẹyẹ yẹ̀ wò. Wọn kò béèrè ibi tí ó ń gbé tàbí bí ó ṣe ń rìn. Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ẹranko ń gbà ṣiṣẹ́ náà nìyẹn. Kò sí ẹyẹ ayé òde òní kan tí ó ní eyín, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀dá mìíràn láyé lónìí tí ìyẹ́ bò lára àfi ẹyẹ. Ògòǹgò kì í fò, síbẹ̀ baba ẹyẹ ni a ń pè é. Àdán ń fò, ṣùgbọ́n irun ni ó wà lára rẹ̀, ó ń bímọ, ó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ibi tí ìtàn náà ti kùnà ni pé ó gbà pé ẹbí méjì péré ni ó wà. Bí a bá ní orúkọ fún ẹbí kẹta tí ó gba eku àti àdán pọ̀, à bá ti rí ẹni sin òkú àjàò.

A sì ní orúkọ náà: ẹranko afọ́mọlọ́mú. Lójú tiwa, èyí ni ó dára jù nínú gbogbo orúkọ tí a ń lò, nítorí pé àbùdá tí ó so ẹgbẹ́ náà pọ̀ gan-an ni ó dárúkọ. Pẹ̀lú rẹ̀, ọmọ lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé àbùùbùtán kì í ṣe ẹja bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú òkun ni ó ń gbé, àti pé akíka kì í ṣe ìbátan alángbá bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpẹ́ bò ó lára. Olùkọ́ tí ó bá ní "abímọ" dípò "afọ́mọlọ́mú" yóò kó sínú ìjàngbọ̀n, nítorí ọká àti àkekèé náà kì í yé ẹyin. Ọmọ ni wọ́n ń bí.

Orúkọ tí kò ṣiṣẹ́

Afàyàfà ni orúkọ tí ó mú ìṣòro wá jù. Ìrìn ni orúkọ yìí ń sọ, kò sọ ara. Ejò ń fàyà fà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n alángbá a máa sáré lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, ìjàpá a sì máa rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ láìfi àyà kan ilẹ̀. Ekòló ń fàyà fà láàárọ̀ lálẹ́, kò sì ní eegun ẹ̀yìn rárá. Ohun tí ó pa ejò, alángbá, ọ̀nì àti ìjàpá pọ̀ ni awọ ara gbígbẹ tí ó ní ìpẹ́, ẹ̀dọ̀fóró tí wọ́n fi ń mí láti ọjọ́ ìbí, àti ẹyin tí ó lè dàgbà lórí ilẹ̀, yálà wọ́n yé e síta tàbí wọ́n gbé e sínú títí ọmọ fi jáde. (Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí kò tilẹ̀ tíì tán, nítorí àwọn onímọ̀ ti rí i báyìí pé ọ̀nì bá ẹyẹ tan ju bí ó ṣe bá alángbá tan lọ.)

Bákan náà ni ti ẹja. Ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ olùkọ́ tí a ti yẹ̀ wò ni ó kọ ọ́ pé "ẹja ni ẹranko inú omi tí ó ní ìpẹ́." Àrọ̀ tí a ń rà lọ́jà kò ní ìpẹ́. Edé ń gbé inú omi, kì í ṣe ẹja.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìmọ̀ àwọn baba wa ni a ń tú síta. Carl Linnaeus, ará Sweden tí ayé ń fi ìlànà rẹ̀ ṣiṣẹ́, ka àbùùbùtán sí ẹja nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1735. Ìgbà tí ó di ọdún 1758 ni ó mú un kúrò níbẹ̀, tí ó fi í sínú ẹgbẹ́ tí ó pè ní Mammalia, orúkọ tí ó fà yọ láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí ọmú. Ẹ ò rí i pé orúkọ tirẹ̀ àti tiwa pàdé! Nínú ìwé ọdún 1758 yìí kan náà, ó kó ejò, ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ sí ojú kan, ó sì ka aláǹtakùn, àkekèé àti alákàn mọ́ kòkòrò. Ohun tí ẹnu Yorùbá ń sọ nípa aláǹtakùn títí dòní nìyẹn. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀: kòkòrò gidi bí aáyán àti tata ní ẹsẹ̀ mẹ́fà, ara rẹ̀ sì pín sí orí, àyà àti ikùn, aláǹtakùn àti àkekèé ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ. Fún kíláàsì, "kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà" tó. Kí a fi kòkòrò lásán sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Kò sí ẹni tí ó ní kí ìyá àgbà máa ka ẹsẹ̀ aláǹtakùn kí ó tó pa á.

Àtúnṣe

Àwọn kan lè sọ pé iṣẹ́ yìí ti pẹ́ jù, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọdún 2025 pé a fagi lé ìlànà ọdún 2022 tí ó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ni ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ kò ṣíwọ́ láti máa fi Yorùbá rò ó. Bí a kò bá fún un ní ọ̀rọ̀ tí ó gún régé, afàyàfà àti ẹyẹ tí ó mọ̀ nílé ni yóò máa fi túmọ̀ ohun tí olùkọ́ ń sọ.

Àbá wa ni pé kí afọ́mọlọ́mú dúró bí ó ṣe wà, kí a sì fi "onípẹ̀ẹ́ ẹ̀dá ilẹ̀" dánra wò dípò afàyàfà. Orúkọ tí ó ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa olùkọ́ ni ti ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré. "Ẹ̀dá omi àti ilẹ̀" kò tó, nítorí ọ̀nì, erinmi àti alákàn náà ń gbé méjèèjì. A dábàá "aparadà", nítorí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ a máa ní ìrù, a sì máa mí nínú omi bí ẹja, kí ó tó hu ẹsẹ̀. Alábàáṣiṣẹ́ wa kan dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé labalábá náà ń para dà. Òótọ́ ni. Nítorí náà, "aparadà eléegun ẹ̀yìn" ni a ń lò báyìí nínú kíláàsì wa. Ó gùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ráhùn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ka alákàn mọ́ ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ nínú wọn.