Ìyìn Ọwọ́ Tí Ń Sọ Ásùlù Àlòkù Di Ọ̀tun
Ẹni tí ó bá gbéra ní Gamkalley, àdúgbò àtijọ́ tí ó fẹ̀gbẹ́ ti Odò Ọya ní ìlú Niamey, tí ó sì dojú ọkọ̀ kọ Agadez tí ó jìn ju 900 kìlómítà lọ, yóò mọ̀ pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ni í gbé ọkọ̀ la aṣálẹ̀ já: ásùlù ńkọ́, òpó irin abẹ́ ọkọ̀, arẹrù-má-kùn? Ìdí nìyí tí mo fi ń yin àwọn mẹkáníìkì tí ń tún ásùlù àlòkù Land Cruiser ṣe, ọmọ Ògún tí ń gba irin lọ́wọ́ ààtàn.

Iyanrìn ni ọ̀tá wọn àgbà. Bí rọ́bà tí ń sé ọ́ìlì mọ́nú bá ti gbó, iyanrìn a wọlé, a pò mọ́ gíríìsì, a sì máa lọ bíárìn bí ọlọ ti í lọ ata. Ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ kì í kánjú: yóò tú gbogbo ásùlù náà palẹ̀, yóò fọ̀ ọ́, yóò kun ọ̀dà sí eyín jíà ńlá inú rẹ̀, yóò sì yí i, bí ojú ọ̀dà bá ṣí láàárín eyín gan-an, iṣẹ́ pé, bí ó bá yà sí etí, yóò tún un tú, yóò fi àwo irin tín-ín-rín kún un tàbí kí ó yọ ọ́, títí àlàfo eyín sí eyín kò fi ní ju ìdá kan nínú márùn-ún mílímítà lọ. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun rẹ̀.

Ẹ̀mí èrò ni irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ń dá sí. Ọlá ńlá ni ó tọ́ sí i.