Lámèyítọ́ Ìwé Ìwádìí Akẹ́kọ̀ọ́ lórí Ẹran àti Ewéko Inú Omi Tin Can Island

Ìfáàrà

Ní ọdún 1977 ni ìjọba ṣí èbúté Tin Can Island, ní ẹ̀gbẹ́ Àpápá, lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ńtì ti há ojú omi Èkó ní ọdún 1975. Omi tí ó yí erékùṣù náà ká jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ewéko àti ìmọ̀ ẹranko ti ń kó ẹja, akàn àti ewéko fún iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wọn. Ọ̀nà ìkọ̀wé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò yìí dá lé, kì í ṣe ìṣirò inú wọn. Àbá rẹ̀ ni pé àṣà ìkọ̀wé náà ń fi ohun mẹ́ta pamọ́: ẹni tí ó pa ẹja, orúkọ tí ọjà mọ ẹja náà sí, àti ìgbà tí a pa á. Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni ẹni tí ń jẹ ẹja náà nílò.

Ẹni tí ó pa ẹja

Nínú orí tí ó ṣàlàyé ọ̀nà ìwádìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì gba akọ̀wé láàyè láti sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹja láìdárúkọ ẹni tí ó ṣe é. Gbólóhùn Yorùbá kò gba irú ìfarapamọ́ bẹ́ẹ̀ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn: bí kò bá sí ‘mo’, ‘a’ tàbí ‘wọ́n’ yóò wà níbẹ̀, olùgbọ́ sì lè béèrè pé àwọn wo. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti gírámà lásán. Ìlàjẹ tàbí Ẹ̀gùn tí ó na àwọ̀n ni ó yan ojú ibi tí ó nà án sí. Bí ojú àwọ̀n rẹ̀ bá fẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ yóò bọ́ lọ. Nítorí náà, apẹja ti ṣe àṣàyàn kí akẹ́kọ̀ọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìwé tí ó bá fi orúkọ apẹja sí ojú ìwé ìdúpẹ́ nìkan, láìsọ irú àwọ̀n tí ó lò, ohun tí àwọ̀n kó ni ó kà. Kò ka ohun tí ń bẹ nínú omi.

Orúkọ

Ẹnìkan lè jiyàn pé orúkọ Látìn ti tó. Òótọ́ ni pé orúkọ ọjà a máa kó ẹja púpọ̀ pọ̀. Ẹpìyà ni Sarotherodon melanotheron, tí akọ rẹ̀ ń fi ẹnu pa ẹyin mọ́. Ẹpìyà náà ni Coptodon guineensis, tí ń yé sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní ẹpìyà ti sọ ìmọ̀ nù. Ṣùgbọ́n orúkọ Látìn pẹ̀lú kì í dúró sójú kan. Tilapia guineensis ni àwọn ìwé àtijọ́ pe Coptodon yìí. Láàárín gbogbo àyípadà wọ̀nyí, ẹpìyà ni ẹpìyà ń jẹ́. Orúkọ méjèèjì ni ó yẹ kí ó jọ wà nínú ìwé: ọ̀kan láti pààlà, èkejì láti jẹ́ kí a rí ọ̀nà padà.

Ìgbà

Ìgbà ni àléébù tí ó wúwo jù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọ inú ọ̀sà, iyọ̀ a sì pọ̀; nígbà òjò, omi odò bí Ògùn a dé, iyọ̀ a sì fà sẹ́yìn. J. E. Webb gbé àpilẹ̀kọ jáde lórí ọ̀sà Èkó ní ọdún 1958. Ní ọdún 1966, Sandison àti Hill ṣàlàyé bí iyọ̀ ti ń pinnu ibi tí àwọn ẹran kéékèèké tí ń lẹ̀ mọ́ òpó lè gbé ní èbúté Èkó àti ojú omi tóóró tí ó yí i ká. Ní ọdún 1984 ni Eichhornia crassipes, ewéko tí ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ elése àlùkò, dé ojú omi Àgbádárìgì. Iyọ̀ a máa pa á. Ẹni tí ó bá bu omi ní ẹ̀ẹ̀rùn nìkan lè kọ ọ́ pé ojú omi mọ́. Ẹni tí ó bá lọ nígbà òjò lè kọ ọ́ pé ewéko ti bò ó. Àwọn méjèèjì kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ni ẹ̀bi náà wà lọ́rùn rẹ̀. Oṣù díẹ̀ ni kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ fún un, ọ̀sà sì ń fi ọdún kan gbáko sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ìkádìí

Ó tọ́ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ so iṣẹ́ pọ̀, kí ẹnìkan wá ní ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹlòmíràn wá sí ojú ibi kan náà nígbà òjò, pẹ̀lú irú àwọ̀n kan náà. Ó sì tọ́ kí ojú ìwé kan wà ní èdè Yorùbá, àti ní èdè mìíràn tí wọ́n ń sọ ní Ajégúnlẹ̀. Bí àyẹ̀wò bá rí òjé nínú akàn, obìnrin tí ń ra akàn láti fi se ọbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ kàn. Ìwé tí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè gba máàkì tí ó ga, síbẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀.