Ásíìdì Húmíìkì láti inú Ajílẹ̀ Ààtàn: Àríwísí lórí Orúkọ àti Ìwúlò Rẹ̀

1. Ìfáárà

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe nínú pépà yìí ni láti yẹ ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ásíìdì húmíìkì wò, pàápàá jù lọ èyí tí wọ́n ń yọ láti inú ajílẹ̀ ààtàn, ìyẹn ewé, èèpo ẹ̀gẹ́, ìyẹ̀fun pákó àti ìgbẹ́ adìẹ tí a kó jọ títí wọ́n fi jẹrà. Oore púpọ̀ ni wọ́n kà sí i lọ́rùn: wọ́n ní ó ń di oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mú nínú ilẹ̀, ó ń mú gbòǹgbò ta, ó sì ń so irin olóró mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tiwa ni pé: ǹjẹ́ ásíìdì yìí wà nínú ajílẹ̀ kí a tó yọ ọ́, àbí yíyọ ni ó dá a? Kì í ṣe àríyànjiyàn ọ̀rọ̀ lásán nìyí. Owó àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Akute, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ifo, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ oko àti ọ̀rọ̀ omi pàdé níbẹ̀.

2. Bí a ṣe ń yọ ọ́

Ní ọdún 1786, Achard, ará Jámánì, da omi pọ́táàṣì sí ilẹ̀ àbàtà dúdú tí ewéko ti jẹrà sí. Omi náà dúdú. Nígbà tí ó fi ásíìdì sí i, ohun dúdú kan sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ìpìlẹ̀ ọ̀nà yìí náà ni a ṣì ń tọ̀. Èyí tí ó bá yòrò nínú álíkálì tí ó sì padà dì nígbà tí a fi ásíìdì sí i ni húmíìkì. Èyí tí ó bá yòrò síbẹ̀ ni fúlfíìkì. Èyí tí kò yòrò rárá ni húmíìnì. Ọ̀nà náà kò ṣàjèjì sí àwọn aláró wa àti àwọn tí ń ṣe ọṣẹ dúdú, nítorí pé omi eérú tí wọ́n ń sẹ́ náà álíkálì ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí pé ohun tí omi ṣe sí nǹkan ni ó bí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí èyí tí ó sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́ gan-an.

3. Àríwísí lórí ọ̀nà ìyọ náà

Ní ọdún 2015, nínú ìwé ìròyìn Nature, Lehmann àti Kleber ta ko èrò àtijọ́ yìí. Wọ́n ní bí a bá wo ilẹ̀ láìfi álíkálì kàn án, àwọn èérún ewéko àti ti kòkòrò àìfojúrí tí ń jẹrà lọ díẹ̀díẹ̀ ni a ń rí, tí púpọ̀ nínú wọn lẹ̀ mọ́ amọ̀. A kò rí ẹ̀dá ńlá kan tí ń jẹ́ húmíìkì. Álíkálì tí wọ́n ń lò a máa tó 13 lórí òṣùwọ̀n pH, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oko tí ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fi omi gbígbóná ro èlùbọ́ yóò rí àmàlà. Ṣùgbọ́n kò lè torí bẹ́ẹ̀ sọ pé àmàlà ni ó wà nínú ebè.

Ti ajílẹ̀ ààtàn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá da álíkálì sí ewé tútù tàbí ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì jẹrà, ohun dúdú yóò jáde níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, òǹkọ̀wé tí ó bá sọ pé ajílẹ̀ òun kún fún ásíìdì húmíìkì, tí kò sì yọ ti ohun tútù láti fi wé e, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa.

Ó tọ́ kí a gbọ́ tẹnu ìkejì. Ní ọdún 2019, Olk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fèsì pé ohun tí álíkálì ń yọ wúlò fún ìwádìí oko àti ti omi. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwúlò irinṣẹ́ ọ̀tọ̀, wíwà nǹkan ọ̀tọ̀.

4. Ní oko àti ní odò

Púpọ̀ ilẹ̀ gúúsù Ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́ ilẹ̀ iyanrìn, amọ̀ inú rẹ̀ kò sì lágbára púpọ̀ láti di oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mú. Ohun jíjẹrà ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀bá ààtàn fi ń yọ ọmọ ńlá. Ní ọdún 2014, Rose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìdánwò jọ. Wọ́n rí i pé àwọn ohun húmíìkì fi nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 kún ìwúwo ọ̀mùnú ohun ọ̀gbìn, wọ́n sì fi nǹkan bí 21 kún ti gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n orísun rẹ̀, ìwọ̀n tí a lò àti irú ilẹ̀ a máa yí àbájáde padà.

Ibi tí àríwísí wa wúwo sí jù lọ nìyí. Púpọ̀ nínú èyí tí ó wà lọ́jà ni a fi pọ́táàṣì yọ, pọ́táàṣì fúnra rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ ohun ọ̀gbìn. Bí àgbàdo bá wá ṣe dáadáa lórí iyanrìn tí kò ní in, ta ni a ó yìn, ásíìdì ni tàbí omi eérú? Ìdánwò tí kò bá ní ebè kan tí a bu pọ́táàṣì nìkan sí kò lè dáhùn. Ẹni tí ó bá sì ra ìgò náà lè jẹ́ ẹni tí ó ní odindi ajílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, èyí tí ó ní náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, tí ó sì ń gba omi dúró.

Ti odò kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ní Akute ni a ti ń fa omi odò Ògùn lọ sí ilé-iṣẹ́ omi Iju àti Adiyan, tí Èkó ń mu. Ní ọdún 1974, Rook fi hàn ní Netherlands pé bí kilórìn bá pàdé ohun jíjẹrà inú omi odò, àwọn èròjà tí a ń pè ní trihalomethane a máa jáde, a kò sì fẹ́ wọn nínú omi mímu. Nítorí náà, kí a má ṣe sọ pé nígbà tí orúkọ mẹ́hẹ, iṣẹ́ náà kò sí. Ohun dúdú náà ń ṣe iṣẹ́, ó dára ní oko, ó ń fa ìnáwó ní odò.

5. Ìgúnlẹ̀

Ohun mẹ́ta ni a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí yóò bá kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín wa: kí ó sọ ohun tí ó fi ṣe ajílẹ̀, kí ó yọ ti ohun tútù mọ́ ti jíjẹrà, kí ó fi odindi ajílẹ̀ àti pọ́táàṣì nìkan ṣe òṣùwọ̀n fún èyí tí ó yọ. Ní ti orúkọ, a dábàá pé kí ilẹ̀dú máa jẹ́ ti ohun tí ó wà nínú ilẹ̀, kí ásíìdì húmíìkì sì máa jẹ́ ti ohun tí ó wà nínú ìgò. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ lè mú àgbẹ̀ fi owó ra ohun tí ààtàn rẹ̀ ti fún un lọ́fẹ̀ẹ́.