Ọ̀nà Wo Ni Wọ́n Fẹ́ Gbà?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2023, kò sẹ́ni tí kì í ṣe ọ̀gágun ní Oko Ọba, àdúgbò ibùpa-ẹran. Àwọn sójà ti gba ìjọba lọ́wọ́ Ààrẹ Mohamed Bazoum ní Niamey, olú ìlú Niger, lọ́jọ́ 26 oṣù keje, ECOWAS sì ti fún wọn ní ọjọ́ méje kí wọ́n gbé e padà sórí àga. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ogun lè dé. Nídìí tábìlì oníwèé ìròyìn tó wà lójú ọ̀nà ibùpa-ẹran, alápatà kan tí kò tíì bọ́ bàtà òjò rẹ̀ ti ṣẹ́gun Niger kí tíì ọwọ́ rẹ̀ tó tutù. Ọlọ́kadà tó dúró tì í ní ọjọ́ mẹ́ta ti pọ̀ jù, pé ọjọ́ kan ààbọ̀ ló máa gbà.

Bàbá kan wà lórí bẹ́ńṣì tí kò dá sí i. Ó ka ojú ìwé àkọ́kọ́, ó ṣí i, ó wá ibi tí ìròyìn náà parí sí nínú lọ́hùn-ún, ó kà á tán, ó ká ìwé náà bó ṣe bá a, ó dá a padà fún olówó rẹ̀. Ìgbà tí ariwo rọlẹ̀ ló tó béèrè pé, "Ọ̀nà wo ni wọ́n fẹ́ gbà?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Bàbá Sójà la máa ń pè é. Ó wà lára àwọn tí Nàìjíríà kó lọ sí Liberia nígbà ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOWAS, ó fẹ̀yìn tì, ó wá fi àdúgbò yìí ṣe ilé. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń bá a pàdé ní àárọ̀ Sátidé tí mo bá wá ra ẹran. Mo máa ń gbọ́ àwọn onímọ̀ orí tẹlifíṣọ̀n náà, àwọn tó máa ń de táì tí wọ́n á ní gbogbo nǹkan ló ṣì wà lórí tábìlì. (Bàbá máa ń béèrè pé káfíńtà wo ló kan tábìlì yẹn tí kò fi tíì wó.) Nínú wọn, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà tó ọkùnrin yìí kò pọ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, ó mú ìdérí ìgò mẹ́rin àti òkúta kan nílẹ̀, ó sì fi igi fa ilà sórí yanrìn. Ó ní ẹnubodè àwa àti Niger nìyí, ó gùn tó nǹkan bí 1,500 kìlómítà, ìpínlẹ̀ méje ló sì fara kàn án lọ́dọ̀ tiwa. Ìdérí kan ni Sokoto, ọ̀kan ni Illela, ọ̀kan ni Birnin Konni tó wà lódìkejì. Ó gbé òkúta jìnnà sí wọn, ó ní Niamey nìyẹn. Láti Konni dé ibẹ̀ lé ní 400 kìlómítà. "Mélòó ni epo tí tánkì máa jẹ? Ta ló máa gbé epo tẹ̀lé e? Ta ló máa ṣọ́ ẹni tó gbé epo?" Ó wá mú ìdérí kẹrin tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi í sẹ́yìn Sokoto. Zamfara nìyẹn, níbi táwọn agbébọn ti ń gba owó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kó tó lè kórè oko rẹ̀. "Ẹ̀yìn wa rèé o. Ẹni tó ń lọ sógun tí ilé rẹ̀ ń jò lẹ́yìn ńkọ́?"

Ọlọ́kadà ní ṣé Bàbá ń bẹ̀rù ni. Bàbá kò bínú, kò sì jágbe mọ́ ọn. Ó ní, "Ọmọ mi, bó o bá fẹ́ gbé èrò lọ sí Ìbàdàn, ṣé o ò ní wo táǹkì epo rẹ?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan ọlọ́kadà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn: kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni, á fi iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe lójoojúmọ́ dá a lóhùn.

Èyí tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ kéré débi pé ẹni tí kò fara balẹ̀ kò ní ṣàkíyèsí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló fi ń pín ohun gbogbo tó bá sọ: "mo rí i", "wọ́n sọ fún mi", "mo rò ó". Kì í dà wọ́n pọ̀. Nígbà tí mo bi í léèrè bí wọ́n ṣe mú Samuel Doe, Ààrẹ Liberia, ní Monrovia, ó ní wọ́n sọ fún òun ni, òun kò tíì débẹ̀ nígbà náà. Ìtàn náà sì ni pé lọ́jọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1990 ni ECOMOG gúnlẹ̀ sí èbúté Freeport; nígbà tó fi máa di ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ Prince Johnson ti mú Doe nínú ọgbà ECOMOG fúnra rẹ̀, wọ́n sì pa á. Ṣùgbọ́n tó bá kan èbúté yẹn, "mo rí i" ló máa sọ. Ó rí i pé ẹni tó di èbúté mú ló di ìrẹsì mú, ẹni tó di ìrẹsì mú sì ni ebi ń lé àwọn ará ìlú lọ bá. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ láti máa béèrè ọ̀nà kó tó béèrè ìbọn. Àwọn tó rán wọn lọ rò pé ọ̀rọ̀ oṣù díẹ̀ ni. Oṣù keje ọdún 1997 ni Liberia tó dìbò.

Lẹ́yìn ọ̀nà, òfin ló kàn. Ó mọ ẹsẹ̀ karùn-ún ìwé òfin ọdún 1999 bí ẹni mọ orúkọ ọmọ rẹ̀: Ààrẹ kò lè kó ọmọ ogun lọ jà nílẹ̀ òkèèrè láìjẹ́ pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, àyàfi bí ewu bá ti dé tán. Nígbà tí àwọn sẹ́nétọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ Niger, tí wọ́n sì ní kí Ààrẹ Tinubu wá ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ó ya àwọn kan lẹ́nu nídìí tábìlì yẹn. Kò ya Bàbá lẹ́nu.

Mo ka ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Funmi Olonisakin kọ lórí ECOMOG ní ọdún 2000, ẹ̀rín sì ń pa mí, nítorí ìbéèrè orí bẹ́ńṣì ni mo bá nínú rẹ̀, ó kàn wọ aṣọ yunifásítì ni. Ta ló fún wọn láṣẹ? Abẹ́ òfin wo ni wọ́n ti lọ? ECOWAS ti ní ìwé àdéhùn ààbò láti ọdún 1981, àmọ́ Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kò ṣe ìwé ìpinnu lórí Liberia títí di oṣù kọkànlá ọdún 1992, ọdún méjì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ wa ti ń kú níbẹ̀. Adekeye Adebajo náà kọ tirẹ̀ ní 2002. Ó fi owó àti òṣèlú inú ilé kún un, èyí tí Bàbá kì í fẹ́ sọ ní gbangba.

Lórí Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Akínyẹmí, a ò fi bẹ́ẹ̀ gbà fún ara wa. Akínyẹmí ló darí ilé ẹ̀kọ́ ìbáṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ní Victoria Island láti 1975 sí 1983 kó tó di mínísítà ilẹ̀ òkèèrè ní 1985. Òun ló ní ó yẹ kí Nàìjíríà ní bọ́ǹbù átọ́míìkì tirẹ̀. Mo ka ìyẹn sí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ mì wá jí ju pé kí a lọ ṣe é lọ. Bàbá ní ẹni tí kò lè tan iná sí bárékè kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ǹbù. Ètò tí Akínyẹmí dá sílẹ̀ ní 1987, tí a fi ń rán dókítà àti olùkọ́ wa lọ ran orílẹ̀-èdè míì lọ́wọ́, ni òun ń yìn. Ó ní dókítà kan ṣoṣo máa ń pẹ́ lọ́kàn ìlú ju ẹgbẹ́ sójà kan lọ. "Mo rò ó ni o," ó fi kún un.

Bí ọjọ́ bá ti gòkè díẹ̀, Bàbá á dìde, á rìn lọ sí ọjà màlúù. Ibẹ̀ ni ilé ìwé ìròyìn rẹ̀ kejì. Àwọn tó ń kó màlúù wá láti òkè ọya mọ̀ ọ́n, ó sì gbọ́ Hausa dáadáa, bárékè ló ti kọ́ ọ. Kì í béèrè ogun lọ́wọ́ wọn. Iye tí wọ́n ra ẹran ní ọjà Maigatari lókè ọya ló máa béèrè, iye ibi tí wọ́n ti dá wọn dúró, àti bóyá òru ni wọ́n rìn tàbí ọ̀sán. Ó ní tí awakọ̀ bá ti ń rìn ní ọ̀sán nìkan, kò sí ìwé ìjọba kankan tó lè sọ fún òun pé ọ̀nà yẹn ti dára.

Ó máa ń ṣì í náà. Ó sọ lọ́jọ́ kan pé ẹnubodè tí a tì, àti iná mànàmáná tí Nàìjíríà já mọ́ Niger lọ́wọ́, máa mú Ọ̀gágun Tchiani, olórí àwọn sójà tó gba ìjọba ní Niger, wá sí ìdúnàádúrà kó tó di Kérésìmesì. Kérésìmesì dé, àwọn sójà Faransé ló kó ẹrù wọn kúrò ní Niger. Lọ́jọ́ 28 oṣù kìíní ọdún 2024, Niger, Málì àti Burkina Faso kéde pé àwọn ti fi ECOWAS sílẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni tó rán an létí, Bàbá ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀: "Mo rò ó, mo sì rò ó tì. Mo ka ebi ìlú, mi ò ka ìbínú ìlú." Ó gba ìwé ìròyìn lọ́wọ́ oníwèé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á láti ojú ìwé àkọ́kọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn ni Tinubu ṣí ẹnubodè. Mo wà lọ́jà màlúù pẹ̀lú Bàbá nígbà tí tírélà kan wọlé ní ìrọ̀lẹ́, tí eruku bo àwọn ọmọkùnrin tó jókòó sókè lórí igi débi pé gbogbo wọn jọ ara wọn. Alápatà ọjọ́sí ti ń pariwo iye tó máa san. Bàbá lọ sídìí fèrèsé awakọ̀, ó kí i, ó bi í léèrè ọ̀nà tó gbà. Awakọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ìlú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Bàbá sì ń fi ìka kà wọ́n.